Ìjókòó Rimma

Inú POP tútù ni Rimma wà, ó ká orúnkún mọ́ àyà bí ọmọ inú oyún, nígbà tí Zakhar kọ́kọ́ rí i. Ní ibùdó ìrìn àjò òfurufú wa lẹ́yìn ìlú Mọ́sìkò, ẹnikẹ́ni kì í wọ rọ́kẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an mọ ìjókòó rẹ̀. Zakhar ló ń mọ ọ́n.

"Ẹ má mí."

"Tí n ò bá mí, òkú lẹ máa gbé lọ sókè."

"Òkú tó rẹwà tó báyìí kẹ̀?"

Rimma bú sẹ́rìn-ín, POP sán. Wọ́n tún un ṣe, ọ̀rọ̀ gùn títí ó fi kan tíì, tíì sì di ìfẹ́.

Ṣùgbọ́n Rimma ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun á dé òfurufú kóun tó lọ́kọ. Zakhar gbà láti dúró. Ìyá Rimma ni kò gbà.

"Ṣé inú rọ́kẹ́ẹ̀tì lo fẹ́ bímọ sí ni?"

Ẹ̀bi ta ni pé ó ń pẹ́? Wọn ò tíì bí Rimma tí ọmọ ènìyàn ti fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá! Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì darí wálé bí ẹni tó lọ kí àna tí kò bá a nílé. Láti ìgbà náà, orí òrùlé ayé níbí la ń yí po. Owó àdó olóró kì í wọ́n àwọn ìjọba; tó bá kan òṣùpá, wọ́n á ní ká ní sùúrù. Ìtìjú gbáà ni!

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fagi lé ìrìn àjò Rimma. Nígbà tí Zakhar mọ ìjókòó rẹ̀ kẹta, ewú ti yọ lórí Rimma. Ni wọ́n bá fún olówó epo kan láyè rẹ̀, ẹni tó kàn fẹ́ lọ wòran. Wọ́n ní kí Zakhar mọ tiẹ̀.

Zakhar bọ́ épúrọ́ọ̀nù, ó jù ú sílẹ̀. Rimma bá a lẹ́nu ọ̀nà.

"Padà síbi iṣẹ́ ẹ, jọ̀ọ́. Tó o bá lọ, ta ló máa ṣe tèmi?"

"O ṣì fẹ́ máa dúró?"

"Mo fẹ́ lọ sókè. Àmọ́ ká ṣègbéyàwó ní Sátidé."

"Ẹ̀jẹ́ ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ti gba òfurufú lọ́wọ́ mi, Zakhar. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n gbà ẹ́ mọ́ ọn ni?"

Zakhar gbá a mọ́ra, ó ń sunkún, inú ṣì ń bí i.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé lẹ́yìn ìgbéyàwó, Rimma ti wà lẹ́nu ìgbáradì. Ó ti tú orúkọ bàbá rẹ̀ kúrò láyà aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ rán orúkọ Zakhar síbẹ̀.