Máṣíìnì Bàbá Kì Í Dúró

Ẹnu géètì wa ní Ṣakí ni Muhydeen ti kọ́kọ́ bá Sodiqat, àbúrò ọkọ mi, sọ̀rọ̀, ojú mi ló ṣe. Máṣíìnì Bàbá ọkọ mi, alùpùpù ògbólógbòó tó ti wà kí n tó wọlé ọkọ, ló kú mọ́ ọmọ náà lọ́wọ́. Ó ń ta á nípàá, ó ń ṣépè fún un. Muhydeen, mẹkáníìkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ̀mù, tó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ọ̀kánkán wa, rọra rìn wá.

"Àǹtí, ẹ má ta á mọ́. Kò ṣe yín ní nǹkan kan."

"Ó ṣe mí! Tó bá ń sáré, kò ní kú. Kí n ṣáà dẹwọ́ báyìí, yóò kú."

"Bó bá ń sáré tí kò lè dúró, kábúrétọ̀ ni."

Ó yọ pulọ́ọ̀gì wò, ó da epo ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀ nù, ó wá fa irin tín-ín-rín kan yọ tó ní ihò bí ojú abẹ́rẹ́. Ó gbé e sókè sí oòrùn. "Ẹ wò ó. Ṣé ẹ rí ìmọ́lẹ̀?"

"Mi ò rí nǹkan kan."

Ó fi epo fọ̀ ọ́, ó fi ẹnu fẹ́ ẹ, ó tún gbé e sókè. Sodiqat sún mọ́ ọn títí èjìká wọn fi kanra. "Mo rí i," ló wí, àmọ́ ẹ bú mi bó bá jẹ́ ihò yẹn ló ń wò.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, Muhydeen yí ìdè kékeré kan, sukúrù ara kábúrétọ̀, díẹ̀díẹ̀, ó ń tẹ́tí, títí ó fi ń dún jẹ́ẹ́ láìkú. Ó ní kí Sodiqat fún òun ní kúteesì pupa tó fi kun èékánná. Ó fi í fa ilà láti orí ìdè náà dé ara kábúrétọ̀. "Tí ẹnikẹ́ni bá yí i, ilà yìí ò ní bára mu mọ́. Èmi á mọ̀."

Ẹ̀yin nìkan ni mò ń dárúkọ ọmọ yìí fún o. Wọ́n bí i kí n tó wọlé, ìyàwó ilé kì í sì í pe orúkọ irú wọn. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni mò ń pè é.

Kò pẹ́ tí máṣíìnì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bàbá a ní kí Sodiqat gbé e lọ sọ́dọ̀ Muhydeen. Yóò lọ, yóò pẹ́, yóò padà lẹ́yìn Àsárì tẹ̀ríntẹ̀rín. Yóò dára fún ìgbà díẹ̀, yóò tún bàjẹ́. Èmi náà ń bá wọn bú máṣíìnì títí di ọjọ́ tí mo ń gé àlùbọ́sà tí òórùn bẹntiróòlù ara ọ̀bẹ gba imú mi.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́! Kí ni ọ̀bẹ mi ń wá lára máṣíìnì?"

Ó dì mọ́ mi lọ́rùn. "Ìyàwó mi, ẹ bò mí láṣìírí. Bí kò bá bàjẹ́, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀?"

Háà! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Ìfẹ́ ti sọ ọmọ yìí di ọ̀tá máṣíìnì. Muhydeen alára kò sì béèrè nǹkan kan rí. Yóò wo ilà pupa yẹn, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò yí ìdè padà sáyè rẹ̀, yóò fi oríkì pe Sodiqat, yóò ní, "Àníkẹ́ mi, ó tún ti ń ṣoríkunkun?"

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan ni ẹ̀rín tán. Bàbá ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ nínú aṣọ funfun, máṣíìnì kú sí ìdí òkè. Wọ́n ń tì í gòkè, àwọn ẹgbẹ́ wọn ń kí wọn, "Alájì, ẹ kú iṣẹ́ agbára o!" Ìgbà tí wọ́n délé, aṣọ ti lẹ̀ mọ́ wọn lára.

"Ọmọ yẹn ló ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá tọrọ Sodiqat?" Bàbá ju fìlà sílẹ̀. "Ẹni tí máṣíìnì ò lè dúró lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé ilé ló máa dúró lọ́wọ́ rẹ̀? Kó máa bọ̀. Yóò bá mi níbí."

Mo fa Sodiqat sí kọ̀rọ̀. "Jẹ́wọ́ fún Bàbá. Orúkọ ọmọ ọlọ́mọ lò ń bà jẹ́ yẹn."

"Mo máa sọ ọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá, mo máa sọ ọ́."

Ọjọ́ náà pé. Bàbá Muhydeen ti kú, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, Ọ̀gá Gbádébọ̀, ló wá dúró bíi bàbá. Mo ti se oúnjẹ, Bàbá ní kí n má bù ú. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ ilé ti máṣíìnì wá sáàárín àgbàlá. Láti ọjọ́ Jímọ́ọ̀ yẹn, wọn ò jẹ́ kí Muhydeen fọwọ́ kàn án mọ́.

"Ọmọ, wọ́n ní o mọṣẹ́. Kí ló dé tí máṣíìnì mi kì í dúró?"

Muhydeen bẹ̀rẹ̀, ó wo ilà pupa. Kò bára mu. Ó gbójú sókè, ó wo Sodiqat lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ja ọmọ náà léèékánná nítan. "Sọ̀rọ̀!" Ó kàn ń wé etí ìborùn mọ́ ìka.

"Ẹ dárí jì mí, Bàbá," Muhydeen wí. "Mi ò mọ iṣẹ́ yẹn tó."

Ọ̀gá Gbádébọ̀ dìde. Ọkùnrin tí wọ́n ń ti Ìgbẹ́tì gbé máṣíìnì wá bá ni o. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú Bàbá. "Èmi tí mo tú u sílẹ̀ ni mo jẹ̀bi. Muhydeen, o dójú tì mí." Mo tún ja Sodiqat léèékánná. Ó tẹjú mọ́ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ni Bàbá bá bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Àwáwù! Mú ọ̀bẹ àlùbọ́sà rẹ wá."

Mo mú un wá. Bàbá ki ṣóńṣó rẹ̀ bọ ojú ìdè náà, ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú.

"Mo gbé e lọ sí Ìsẹ́yìn. Mẹkáníìkì ibẹ̀ ní ọ̀bẹ ló họ ojú ìdè yìí báyìí. Mo wá ṣọ́ ilé mi. Sodiqat, mo rí ọ." Wọ́n kọjú sí Muhydeen. "Mo fẹ́ mọ ohun tó wà nínú yín ni. O gba ìtìjú lójú ọ̀gá rẹ nítorí ọmọ mi. Mo ti fún ọ! Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run!"

"Alihamudulilahi!" ni gbogbo ilé wí. Mo ti ń sáré lọ bu oúnjẹ. Muhydeen kò dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó yí i ni mo ti mọ̀, inú mi sì dùn. Ǹ bá máa tún un ṣe títí ayé. Àmọ́ lónìí, ọ̀gá mi ṣí fìlà nítorí mi, Sodiqat sì ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀."

Kò pè é ní Sodiqat rí.

"Ẹ̀rù Bàbá ló bà mí!" Sodiqat ké, ó ti kúnlẹ̀. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Ọlọ́run gbọ́!"

"Mo mọ̀. Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ẹ̀rù ba èmi náà."

Ó tẹ máṣíìnì, ó jẹ́ kó gbóná. Ó fa irinṣẹ́ yọ lápò, ó yí ìdè náà títí ó fi ń dún jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ló fi èékánná àtàǹpàkò ha kúteesì pupa yẹn kúrò, títí kò fi ku nǹkan kan. Ó ṣa fìlà ọ̀gá rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọn erùpẹ̀ rẹ̀ dànù, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn, wọ́n sì jọ jáde. Sodiqat ń pe orúkọ rẹ̀ títí kò fi lóhùn mọ́.

Ìgbẹ́tì ni Muhydeen wà báyìí. Sodiqat tún yí ìdè náà lẹ́ẹ̀kan, ó ti máṣíìnì lọ sí ọ̀kánkán. Ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù náà tún un ṣe láìgbójú sókè. "Ẹ sọ fún ẹni tó ń fi ọ̀bẹ ṣeré níbí kó jáwọ́," ló wí. Sodiqat kò yí i mọ́.

Láràárọ̀, Bàbá a máa tẹ máṣíìnì náà sílẹ̀ lágbàlá kí wọ́n tó lọ sóko, wọn a máa mu ẹ̀kọ, wọn a máa tẹ́tí sí i.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dúró! Ọmọ yẹn mọṣẹ́ o!"

Sodiqat a dìde, a wọ yàrá, a ti ilẹ̀kùn. Èmi a ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á, epo ń jó."

Wọn kì í pa á.