Ògiri Funfun Tó Kọjú Sókun

"Ouma, ilé yìí ṣì ń rùn bí ẹja," ni Jerodine wí, bó ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha ilẹ̀.

Ìyá bàbá rẹ̀, Ouma Sarie, fa èémí símú bí ẹni ń gbóòórùn òdòdó. "Ẹja tó tọ́ bàbá ẹ dàgbà nìyẹn. Tó bá ń rùn sí ẹ, máa fi ẹnu mí."

Àká ni ilé náà tẹ́lẹ̀. Bàbá àgbà Jerodine ló kọ́ ọ sí etí òkun Rooibaai, kí ó lè máa fi iyọ̀ sí ẹja níbẹ̀ kí ó sì máa sá a. Ilé gígùn kan ni, òrùlé rẹ̀ ga ṣóńṣó, kò sí ọ̀ṣọ́ kankan lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣófo, nígbà tí Jerodine, bàbá rẹ̀ àti Ouma ń háyà yàrá páànù kan ní ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn. Ní báyìí, bàbá ti tún òrùlé ṣe, ó ti la fèrèsé, ó sì ti pín inú rẹ̀ sí yàrá mẹ́ta. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n kó wọlé.

Ohun tó ya gbogbo Rooibaai lẹ́nu ni pé irú ilé yìí gan-an ni àwọn ará Cape Town ń kọ́ sórí òkè tó wà lẹ́yìn wọn: àká gígùn, òrùlé ṣóńṣó, dígí ńlá, gbogbo rẹ̀ dúdú bí èédú. Pátákó ojú títì pè é ní ilé ìgbàlódé fún ẹbí, iye tó sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti mílíọ̀nù mẹ́fà rand. Apẹja wo ló máa rí iye yẹn, àfi tí gbogbo ẹja tó bá mú bá ní owó lẹ́nu bí èyí tí Pétérù fà?

"Ọlọ́rọ̀ inú ìwé Lúùkù kọ́ àká ńláńlá," Ouma máa ń wí, "ṣùgbọ́n òun náà ò sùn nínú ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà kì í pa Jerodine lẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ ò ní ra iyọ̀ mọ́," ni wọ́n ń wí. "Tí ọbẹ̀ bá tẹ́, ẹ kàn máa lá ògiri."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, bàbá rẹ̀ gbé àwọ̀n kọ́ èjìká. "Ẹfun wà nínú gáráwá," ó wí. "Kí o ti kun ògiri tó kọjú sókun kí n tó dé. Funfun ni o. Àwọn ògiri yòókù, ohun tó bá wù ẹ́."

"Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ funfun, Pa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ṣe fi í sílẹ̀." Ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ẹja, Oom Giel, ti ń súfèé láti inú ọkọ̀, bàbá sì sáré lọ.

Ouma lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tó máa ń gbà wọ́n títí di ìrọ̀lẹ́. Kò pẹ́ tí Shurlin, ọ̀rẹ́ Jerodine, fi ti ọmọlanke dé. Agolo ọ̀dà dúdú ńlá méjì ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kun ilé lórí òkè, ọ̀gá rẹ̀ sì ti ní kó kó èyí tó ṣẹ́kù lọ.

"Ọ̀fẹ́ ni," ni Shurlin wí. "Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, ilé yín máa jọ ti ọlọ́rọ̀."

"Bàbá mi ní kí iwájú yìí funfun."

"Bàbá ẹ náà ló ní kí o wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì wá síbi ijó iléèwé. Ṣé o gbọ́ tiẹ̀? Iwájú yìí ni gbogbo ẹni tó ń kọjá létí omi ń rí, ọmọ yìí. Tó bá funfun, àká ẹja náà ni."

Jerodine wo gáráwá ẹfun, ó wo agolo ọ̀dà. Ó rò ó pé bí bàbá bá rí i bó ṣe dára tó, inú rẹ̀ yóò dùn. Ó ti ọwọ́ bọ ọ̀dà dúdú.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ẹ̀gbẹ́ kan àti iwájú ti dúdú, wọ́n ń dán. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó ń kọjá dúró ya fọ́tò. Kò sẹ́ni tó dárúkọ iyọ̀. Ayọ̀ kún inú Jerodine dẹ́nu.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, kùrukùru fẹ́lẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láti inú òkun. Ouma dé láti ìpàdé. Ó rí ògiri náà, Bíbélì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló pa fìtílà?"

"Ouma, fìtílà wo? A ò tan iná."

"Ògiri yẹn ni fìtílà! Àpáta kún abẹ́ omi níwájú wa, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Bí bàbá ẹ bá ń bọ̀, á wá ògiri funfun yìí, á wá ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lókè rẹ̀. Tí ìkan bá ti dúró gbọnrangandan lórí ìkejì, ó ti bọ́ sọ́nà. Ní báyìí, kí ló máa wò?"

Ọkọ̀ bàbá nìkan ló kù lórí omi. Jerodine ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ẹfun, ó nà án mọ́ ògiri, ṣùgbọ́n ọ̀dà tútù gbé ẹfun náà mì. Ló bá kígbe: "Aṣọ! Ouma, gbogbo aṣọ funfun tí ẹ ní!"

Ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí àwọn ìyá ṣì ti ń kó ife tíì. Kò fi ohunkóhun pa mọ́ fún wọn. "Èmi ni mo bà á jẹ́," ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí." Wọ́n kó aṣọ tábìlì, wọ́n kó aṣọ akọrin, wọ́n tẹ̀ lé e. Ouma ti ṣí àpótí rẹ̀, ó ń fa aṣọ ibùsùn àtijọ́ jáde. "Ọmọdé lè ní aṣọ bí àgbà," ó ń ráhùn, "kò lè ní àkísà bí àgbà."

Jerodine àti Shurlin gun àkàsọ̀. Wọn ò wá ìṣó rárá. Bí wọ́n bá ti na aṣọ mọ́ ọ̀dà tútù, ó lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Láìpẹ́, iwájú ilé náà funfun láti òkè dé ilẹ̀, apá àwọn aṣọ akọrin sì ń jù fìrìfìrì bí áńgẹ́lì tó ń pe ọkọ̀. Àwọn ìyá dúró nísàlẹ̀, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń gbàdúrà. Jerodine kò lè kọrin.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ súfèé Oom Giel.

Bàbá sọ̀ kalẹ̀ sínú omi, ó tutù rinrin, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ògiri. "A ti ń yí kiri níta níbẹ̀," ó wí. "A gbọ́ tí omi ń lu àpáta, a ò rí ilé. Àfi bí ilé ṣe yọ lójijì, tó sì ń juwọ́ sí wa."

Jerodine jẹ́wọ́, ó ń sunkún. "O ṣàìgbọràn," ni bàbá wí. "Ṣùgbọ́n èmi náà, mo pa àṣẹ fún ẹ, mi ò sọ ìdí ẹ̀."

Ìyà tó jẹ ẹ́ kò kéré. Òun àti Shurlin ha ògiri náà, wọ́n fi ẹfun kùn ún léraléra títí dúdú fi tán. Aṣọ akọrin ò mọ́ mọ́; ní ọjọ́ ìsinmi, àwọn akọrin funfun níwájú, wọ́n dúdú lẹ́yìn, ìjọ sì rẹ́rìn-ín títí pásítọ̀ náà fi rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi dúdú sílẹ̀ lára ògiri ẹ̀gbẹ́. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan láti orí òkè dá mọ́tò dúró, ó bi Ouma ta ló ya àwòrán ilé tó rẹwà bẹ́ẹ̀.

"Ẹja ni," ni Ouma dáhùn.

Nígbà tí ojú ọjọ́ dára, bàbá gbé Jerodine wọ ọkọ̀, ohun tí kò ṣe rí. Nígbà tí wọ́n jìnnà sílẹ̀, ó ní kó wẹ̀yìn. Àwọn ilé olówó iyebíye ti wọ inú òkè lọ, ojú ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ibì kan ṣoṣo ló ń tàn: ògiri àká kékeré kan, ilé agogo sì dúró lórí rẹ̀.

"Pa, ilé wa nìyẹn," ó wí jẹ́jẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ, kò burú kí ilé ẹni wu ẹlẹ́gbẹ́ ẹni. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pa ohun tí àwọn òbí yín ní kí ẹ ṣe dà nítorí ojú ayé, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń fi í wá ọ̀nà bọ̀ wálé.