Ẹ́ńjìnnì Tó Kọ̀ Láti Gbóná

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, kò sí àbùmọ́ kankan níbẹ̀. Ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí ṣì ń rìn títí di òní. Ìdíátù tó ń ta tíì ní Pápá Àjàó wà níbẹ̀, ìṣojú rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Ọláyíwọlá, mẹkáníìkì tí ọ̀rọ̀ náà kàn, kì í sọ ọ́ kiri, torí kì í ṣe aláròyé. Àmọ́ tí èèyàn bá bi í, kò ní sẹ́.

Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Kì í lo kọ̀ǹpútà. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló ń lò. Yóò gbé ọwọ́ lé ara ẹ́ńjìnnì, yóò sì sọ ibi tí àìsàn rẹ̀ wà. Kì í ṣì í sọ. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni, nínú oṣù kẹta ọdún. Oòrùn mú gan-an. Wọ́n ti mú iná lọ, àwọn tó ń lọ irin ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún ti pa ẹ̀rọ, wọ́n ti sùn lọ lábẹ́ páànù. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ìgbà yẹn ni Abọ́sẹ̀dé wa ọkọ̀ rẹ̀ aláwọ̀ eérú wọ ṣọ́ọ̀bù Ọláyíwọlá. Olùkọ́ ni. Àgùdà ló ń gbé, òun, ìyá rẹ̀, àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń jẹ́ Ọmọ́táyọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́."

"Àǹtí, ẹ káàbọ̀. Kí ló tún dé?"

"Epo ló ń mu, bí ẹni pé wọ́n rán an sí mi. Ọwọ́ géèjì tó ń ka gbígbóná rẹ̀ kì í kúrò nísàlẹ̀. Mo wà á láti Àgùdà dé ibí nínú gosiló, kò gbóná rárá."

"Àwọn kan ń gbàdúrà kí tiwọn má gbóná," Ìdíátù sọ láti ìdí sítóòfù rẹ̀. "Tiyín ò gbóná, ẹ tún wá ń fi í sùn."

"Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ gbóná níwọ̀n," Ọláyíwọlá dá a lóhùn. "Bíi tíì tìẹ ni. Tó bá tutù, ta ló fẹ́ mu ún?"

"Tíì tèmi kì í tutù, ọ̀gá."

Ó rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí Abọ́sẹ̀dé. "Mo ti mọ ohun tó ṣe é. Mẹkáníìkì kan ló yọ tẹmọsítáàtì rẹ̀. Irin kékeré kan ni, òun ló ń sé omi mọ́ inú ẹ́ńjìnnì títí á fi gbóná tó. Wọ́n máa ń yọ ọ́ l'Ékòó yìí torí gosiló. Iṣẹ́ ọ̀lẹ ni."

"Ẹ̀yin lẹ yọ ọ́, ẹ̀gbọ́n. Ó ti pé ọdún márùn-ún."

Ìdíátù fi ìborùn bo ẹnu.

"Ó dáa," ni Ọláyíwọlá wí. "Èmi náà ni màá dá a padà. Ìgbà wo ni géèjì yẹn wálẹ̀?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Ìyẹn kò bá a lára mu. Ohun tí wọ́n ti yọ láti ọdún márùn-ún, tó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dà á láàmú lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní kó sítáàtì rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú oòrùn. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì. Ó tutù. Ó wá na ọwọ́ sí irin sàlẹ́ńsà, ibi tí iná ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde. Kò sí mẹkáníìkì tó ń fọwọ́ kan ibẹ̀. Ó rọra sún ọwọ́ mọ́ ọn, ó ń dúró kí ooru lé e sẹ́yìn. Ooru kankan kò wá. Ó fọwọ́ kàn án.

Ó tutù bí ara ìkòkò omi. Ìrì ti sẹ̀ sí i lára.

Ó tẹ́tí. Ẹ́ńjìnnì ń dún lóòótọ́, àmọ́ ìró rẹ̀ jìnnà. Ó dà bíi pé inú yàrá kejì ló ti ń dún.

Ó lọ ra tẹmọsítáàtì tuntun ní ìkóríta, ó jù ú sínú omi tó ń hó lórí sítóòfù Ìdíátù láti dán an wò. Irin náà la ẹnu bó ṣe yẹ.

"Ẹ̀yin lẹ máa mu omi yẹn tán," Ìdíátù wí.

"Bá mi fi mílíìkì sí i."

Ó dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó rọ omi sí i, wọ́n sítáàtì rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọwọ́ géèjì fi mira. Ó gòkè, ó gòkè, ó dúró sí àárín gédégbé. Ooru lé ọwọ́ Ọláyíwọlá kúrò lára irin. Inú rẹ̀ dùn.

"Ó parí," ló wí.

Fóònù Abọ́sẹ̀dé dún. Ọmọ́táyọ̀ ni. Ohùn rẹ̀ lọ sókè débi pé gbogbo wọn gbọ́ ọ.

"Ẹ máa bọ̀ nílé o. Òtútù ti tún mú Màámi. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú oòrùn ni. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo ti da aṣọ mẹ́ta bò wọ́n."

"Ìgbà wo?"

"Báyìí báyìí ni."

Abọ́sẹ̀dé jókòó sórí táyà kan. Láti ìgbà òjò èṣí, ó ní, ni òtútù kan ti mú ìyá òun. Ilé ìwòsàn mẹ́ta ni wọ́n lọ, wọn ò rí nǹkan kan. Súwẹ́tà méjì ló ń wọ̀ nínú ooru. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, kò lè dìde mọ́. Àfi bó ṣe jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó bọ́ súwẹ́tà, tó ní kí wọ́n pọn omi tútù fún òun láti fi wẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn," ló wí. Ó wo ọkọ̀ rẹ̀.

Ọláyíwọlá náà wò ó. "Àǹtí, ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ni mo mọ̀."

"Ẹ pa á."

Ó pa á. Fóònù ṣì wà ní títàn. Wọ́n ń gbọ́ eyín ìyá náà tó ń lu ara wọn, bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo.

"Ṣé ó dín kù?"

"Kò dín kù," Ọmọ́táyọ̀ ń sunkún. "Ọwọ́ wọn ti ń le."

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni Ọláyíwọlá mọ̀. Tí ohun tí o fi sí i bá ba nǹkan mìíràn jẹ́, yọ ọ́. Èèyàn kì í ṣí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, omi rẹ̀ á bó onítọ̀hún. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò dúró. Omi ta sí i lápá, ó bó o, kò gbé apá kúrò. Ó fa irin náà yọ, ó de ìdérí ibẹ̀ padà, ó rọ omi mìíràn sí i.

"Ẹ sítáàtì ẹ̀."

Ọwọ́ géèjì wálẹ̀, bí ẹni pé ẹnìkan fi ìka tì í. Ìrì sẹ̀ sára irin.

Eyín tó ń dún nínú fóònù dákẹ́. Ohùn àgbàlagbà kan wá jáde: "Ọmọ́táyọ̀, ta ló da aṣọ bò mí báyìí? Ooru ń mú mi."

Ìdíátù pa sítóòfù rẹ̀.

"Ẹ má fi í síbẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n," Abọ́sẹ̀dé wí.

"Mi ò ní fi í síbẹ̀. Àmọ́ màá sọ òótọ́ fún yín. Ẹ́ńjìnnì tó bá ń ṣiṣẹ́ nínú òtútù kì í pẹ́. Epo á máa wọnú ọ́ìlì rẹ̀, ọ́ìlì á ṣàn bí omi, irin á wá máa jẹ irin."

"Ó lè tó ìgbà wo?"

"Tí a bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ dáadáa, ó lè tó ọdún kan."

"Tó bá wá kú, tí a gbé ẹ́ńjìnnì mìíràn sí i ńkọ́?"

Ẹ́ńjìnnì tí Ọláyíwọlá ti pààrọ̀ kò níye. Ó wo ìrì tó wà lára irin, ó rọra pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni Abọ́sẹ̀dé ń gbé e wá pààrọ̀ ọ́ìlì. Ní Sátidé tó kọjá, ìyá rẹ̀ bá a wá, ó jókòó níwájú ọkọ̀. Ara rẹ̀ ti jọ̀lọ̀, bùbá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wọ̀, ó ń bá Ìdíátù jà pé tíì rẹ̀ kò ní ṣúgà. Ìdíátù ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò sún mọ́ ọkọ̀ náà.

Ọláyíwọlá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹ́tí. Lábẹ́ ìró tó jìnnà yẹn, nǹkan kékeré kan ń lu irin. Kọ̀. Kọ̀. Kọ̀. Èèyàn kò lè gbọ́ ọ àfi tó bá tẹ orí mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó gbé orí sókè. Ìyá náà ń wò ó látinú dígí iwájú, ní àlàfo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìka rẹ̀ sì ń lu ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀. Kọ̀. Kọ̀. Kọ̀. Kò yára ju ti ẹ́ńjìnnì lọ, kò sì fà sẹ́yìn.

"Ṣé kò sí nǹkan?" Abọ́sẹ̀dé bi í láti ẹ̀yìn.

"Kò sí nǹkan."

Ìyá náà yọ orí lójú fèrèsé. Ìka rẹ̀ kò dúró.

"Má jẹ́ kó dúró o, ọmọ mi."

"Kò ní dúró, Màámi," Ọláyíwọlá wí. Ó ṣí ọ́ìlì tuntun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sí i, díẹ̀díẹ̀.