Ibi Tó Ń Dun Lágúnjú

Bùbá àti ṣòkòtò funfun ni Lágúnjú wọ̀ wá sí ilé ìwòsàn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìlà áyọ́ọ̀nù ara rẹ̀ mú débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ohun tí Tinúadé, tóun náà jókòó síbẹ̀ tó ń dúró de dókítà, kọ́kọ́ rí nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló rí bí bàbá náà ṣe di etí bẹ́ǹṣì mú nígbà tó fẹ́ dìde, tó dijú, tó sì mí kanlẹ̀ kó tó lè na ẹsẹ̀.

"Bàbá, ibo ló ń dùn yín?" ni nọ́ọ̀sì bi í.

"Kò síbi tó ń dùn mí. Ọjọ́ orí ni."

Tinúadé ò lè dákẹ́. Opó ni, aránṣọ tó ti fẹ̀yìn tì ní àdúgbò Òkèrèwè. "Nọ́ọ̀sì, ẹ ní kí wọ́n rìn dé ẹnu ọ̀nà, kí ẹ máa wo ojú wọn."

"Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ ni ẹsẹ̀ ni?" ni Lágúnjú bi í.

"Rárá o. Bí ọkọ mi náà ṣe ń sọ pé kò síbi tó ń dun òun nìyẹn títí ọlọ́jọ́ fi dé."

Lágúnjú kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ó rìn. Nọ́ọ̀sì wo ojú rẹ̀, ó bi í bó ṣe ń sùn, ó bi í ní ohun tó máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí kò lè ṣe mọ́. Ìgbà náà ni òótọ́ jáde: ìbàdí ti ń dà á láàmú tipẹ́, oògùn ara ríro tó ń rà ní kẹ́míìsì ló sì ń gbé mì láàárọ̀ lálẹ́, inú ti ń ta á nítorí rẹ̀. Dókítà ní kó jáwọ́ nínú ìyẹn, ó fún un ní èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀, ó sì ní kó máa rìn díẹ̀díẹ̀.

"Ta ni yóò máa bá mi rìn?" ni Lágúnjú bi Tinúadé níta.

"Ẹni tó tú àṣírí yín ni."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rìn láti Ìlódè lọ sí Enuwa ní ìrọ̀lẹ́. Díráfà ni Lágúnjú ní Yunifásítì tẹ́lẹ̀.

"Ṣé díráfà ni aránṣọ ń fi sílẹ̀ lọ́nà báyìí?" ni Tinúadé máa ń wí.

"Ẹrù ni mo rù, Àbíkẹ́. Ìfẹ́ rẹ wúwo."

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe Tinúadé ní oríkì rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó rẹ́rìn-ín délé.

Nígbà tí òjò dé, ìrora padà. Lágúnjú ránṣẹ́ sí Tinúadé pé kó má wá mọ́. Òun fẹ́ bá Ìkẹ́olúwa, ọmọ òun obìnrin, lọ sí Ìbàdàn.

Tinúadé lọ bá a nílé. Ìkẹ́olúwa, tó ti wá mú bàbá rẹ̀ lọ, ló ṣílẹ̀kùn.

"Mà, ìtọ́jú ni bàbá mi nílò, kì í ṣe ìyàwó."

"Mi ò bá ẹ jiyàn, ọmọ mi. Ṣáà bi wọ́n níbi tó ń dùn wọ́n."

Ọmọ bi í. Lágúnjú la ẹnu láti sọ èyí tó ti mọ́ ọn lára, ó wo Tinúadé, ó yí ọ̀rọ̀ padà.

"Ìbàdí ni," ló wí níkẹyìn. "Mi ò sùn lánàá. Tinúadé ti tọ́jú ọkọ kan sin. Mi ò fẹ́ kó tún tọ́jú èkejì, ìdí nìyẹn tí mo ṣe ní kó má wá mọ́."

"Ṣé ẹ bi mí bóyá mo fẹ́?" ni Tinúadé wí.

Ìkẹ́olúwa sunkún. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú, bàbá rẹ̀ ò sọ ibi tó ń dùn ún fún un rí. Òun fúnra rẹ̀ ló fi mọ́tò gbé àwọn méjèèjì padà sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n pààrọ̀ oògùn rẹ̀, wọ́n fún un lọ́pàá, wọ́n sì kọ́ ọ bí yóò ṣe máa na ìbàdí lórí ẹní.

Ìrora náà ò lọ tán, ṣùgbọ́n ó rọlẹ̀ débi tó fi ń rí oorun sùn. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, Lágúnjú lọ sí Òkèrèwè láti tọrọ Tinúadé lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ó gbé ọ̀pá ti ògiri, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ bí àṣà. Olúmúyìwá, àkọ́bí Tinúadé, tètè dì í mú.

"Bàbá, ẹ má dọ̀bálẹ̀. Ẹ ti fún wa ní màmá wa padà; látìgbà tí bàbá wa ti kú, ẹ̀yin lẹ tún ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Àwa la jẹ yín lọ́pẹ́."

Ni Olúmúyìwá fúnra rẹ̀ bá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú ọkọ ìyá rẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin sì kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.