Káàdì Inú Kọ̀ǹpútà Tíṣà Ògúndèjì

"Má lajú o!" Adésọjí kígbe.

Mojíre di ojú rẹ̀ pinpin, ó sì tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú. Adésọjí gbé bọ́ọ̀dù kan lé e lọ́wọ́. Mojíre fi ìka tọ etí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fọwọ́ kan àwọn ojú ihò tóóró tí wọ́n máa ń ki káàdì bọ̀, ó wá ibi tí ṣípù tó tóbi jù wà, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní 286 ni. Èyí tí a ṣà lórí ààtàn ni. Igun rẹ̀ kan ti kán."

"N ò bá ẹ ṣe eré yìí mọ́," ni Adésọjí wí, ó sì já bọ́ọ̀dù náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù Ẹnjiníà Awóníyì, ní Ilare, ni àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì jókòó sí. Ọdún 1996 ni. Kọ̀ǹpútà kò tíì wọ́pọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ nígbà náà. Ẹnjiníà ló ń bá àwọn tó ní in tún un ṣe. Inú ilé tí ṣọ́ọ̀bù náà wà níwájú rẹ̀ gan-an ni Mojíre àti ìyá rẹ̀ ń gbé, nítorí náà, bó bá ti dé láti ilé ìwé, ọ̀dọ̀ Ẹnjiníà ló máa ń wà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni.

Bí àwọn ọmọ mìíràn ṣe ń kó sítáǹbù jọ, bẹ́ẹ̀ ni Mojíre ń kó ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ jọ sínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní mọ́dábọ́ọ̀dù lóríṣiríṣi, ìyẹn bọ́ọ̀dù ńlá tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń so mọ́. Ó ní àwọn káàdì tí wọ́n ń ki bọ inú rẹ̀: èyí tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, èyí tó ń fún un lóhùn, èyí tó ń darí dísìkì tí wọ́n ń tọ́jú iṣẹ́ sí. Ẹnjiníà ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dá wọn mọ̀. Ó kọ́ ọ láti máa wo nọ́ńbà tín-ín-tìn-ín tó wà lẹ́yìn ṣípù, èyí tó ń sọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Kò pẹ́ tí Mojíre fi ń dá wọn mọ̀ bí ìyá ṣe ń dá igbe ọmọ rẹ̀ mọ̀.

Ẹyọ kan ṣoṣo ló ń wá tí kò rí. Inú ìwé ìròyìn àtijọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù ló ti rí àwòrán rẹ̀: káàdì gígùn kan tó ń darí dísìkì, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe nígbà tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé. Ilé ìwé wọn fẹ́ ṣe ìpàtẹ sáyẹ́ǹsì lẹ́yìn ọdún Kérésì, òun àti Adésọjí ló sì fẹ́ pàtẹ àkójọ náà.

"Bí kò bá sí ìyẹn níbẹ̀, ìdọ̀tí ni wọ́n á pe gbogbo ẹ̀," Adésọjí máa ń wí. Ọ̀rọ̀ náà máa ń dun Mojíre.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú gan-an, Màmá Ògúndèjì dé láti Ìlódè. Ọlọ́mọlanke kan ti kọ̀ǹpútà tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, wọ́n sì ti fi ìró wé e bí ìgbà tí ènìyàn wé ọmọ jòjòló. Opó ni Màmá. Tíṣà Ògúndèjì, ọkọ wọn, ti kú láti ọdún tó kọjá.

"Iná kan ló wọlé lójijì, ló bá kú fin-ín," Màmá ní. "Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó bàjẹ́. Gbogbo iṣẹ́ Bàbá ló wà nínú ẹ̀."

"Irú iṣẹ́ wo ni, Mà?" Mojíre béèrè.

Màmá fi ìdí lé bẹ́ǹṣì. "Èdè Ifẹ̀ ni, ọmọ mi. Èyí tí àwa ń sọ nílé, tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò gbọ́ mọ́. Bàbá á wọlé tọ àwọn àgbà lọ, á ní, kí ni ẹ ń pe òjò tó ń rọ̀ lójú oòrùn? Kí ni orúkọ irú èèrà yìí? Kí ni wọ́n máa ń wí fún ìyàwó tuntun tó bá fọ́ ìkòkò? Bó bá délé, á tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà náà ti lọ. A fẹ́ sọ ọ́ di ìwé kí èmi náà tó lọ."

Ẹnjiníà tú kọ̀ǹpútà náà. Ó rí i pé àpótí kékeré tó ń pín iná fún un ló jóná, ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó tan án, kọ̀ǹpútà náà kùn bí oyin, dísìkì rẹ̀ ń ró kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú rẹ̀ ní ìlà ní ìlà. Màmá na ọwọ́, wọ́n fi ìka kan gíláàsì náà bí ẹni tó ń nu ojú ọmọ. Omi lé ròrò sójú wọn, ṣùgbọ́n wọn kò sunkún.

"Mò ń sin Màmá dé títì," Ẹnjiníà wí. "Mojíre, bá mi fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku inú ẹ̀, kí o sì dì í padà. Ọlọ́mọlanke á wá gbé e."

Mojíre tẹ orí mọ́ inú kọ̀ǹpútà náà. Káàdì náà nìyẹn! Ó gùn, ó dúdú díẹ̀ nítorí eruku, eyín rẹ̀ sì ń dán bíi wúrà.

Adésọjí náà bẹ ojú wò ó. "Òun ni, àbí?"

"Òun ni. Ṣùgbọ́n ti Màmá ni."

"Ṣé Màmá mọ bí káàdì ṣe rí ni? Ìwọ náà ní èyí tó jọ ọ́. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, wọ́n jọ ń darí dísìkì. Fi tìẹ síbẹ̀, kò sí ẹni tó pàdánù nǹkan kan. Àbí o fẹ́ kí wọ́n fi wá ṣẹ̀sín níwájú gbogbo ilé ìwé?"

Mojíre mọ̀ pé olè jíjà ni. Kò sí ẹni tó ní láti sọ ọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára káàdì náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń gbé e lọ sínú ilé láti lọ mú èkejì wá. Ó fi sukudiráfà tú nọ́ọ̀tì kan, ó yọ ti Tíṣà, ó ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Nígbà tí Ẹnjiníà fi padà dé, ọmọlanke ti gbé kọ̀ǹpútà lọ.

Mojíre rò pé inú òun á dùn. Ó nu káàdì náà mọ́, ó gbé e sáàárín àwọn yòókù, ṣùgbọ́n kò lè wò ó pẹ́. Bó bá ti ń wò ó, ìka Màmá lórí gíláàsì ló ń rí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Màmá tún dé. Ẹnjiníà ti lọ sí Ìbàdàn láti ra ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, Mojíre nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ọmọ mi, ó ń tàn o, ṣùgbọ́n kò gbé ọ̀rọ̀ Bàbá jáde mọ́. Ó ń kọ nǹkan kan pé òun ò rí dísìkì. Ìgbà wo ni Ẹnjiníà á dé?"

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Ẹnjiníà máa dé. Mojíre mọ̀. Ó sì mọ̀ pé tó bá dé, á tú kọ̀ǹpútà náà, á sì rí káàdì tí kì í ṣe ti ibẹ̀.

"N ò mọ̀, Mà. Ó lè pẹ́."

"Ha! Àwọn òǹtẹ̀wé sì ń retí wa. Àbúrò ọkọ mi mọ ẹnìkan ní Ẹdúnàbọ̀n tó máa ń tún un ṣe. Ìwọ tó mọ̀ ọ́n, ṣé kí n gbé e lọ bá onítọ̀hún?"

Ọ̀rọ̀ tí ì bá gba gbogbo nǹkan sílẹ̀ wà lórí ahọ́n Mojíre. Ó gbé e mì.

"Ẹ lè gbé e lọ, Mà."

Màmá gbàdúrà fún un kí wọ́n tó lọ. Wọ́n ní ọmọ tirẹ̀ náà á tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ alẹ́.

Ọkùnrin Ẹdúnàbọ̀n náà kò mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Ó gbìyànjú títí, kọ̀ǹpútà kò ka dísìkì. Ó rò pé dísìkì ló ti darúgbó, ó sì ṣe ohun tí wọ́n máa ń ṣe fún irú rẹ̀: ó pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́, ó tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó mọ́ tónítóní, kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e padà wá sí Ilare, àbúrò Tíṣà ló ṣáájú. Ẹnjiníà tú kọ̀ǹpútà náà lójú wọn. Ó wò ó, ó tún un wò.

"Káàdì yìí kọ́ ló wà níbẹ̀ nígbà tí mo tún un ṣe," ó ní.

"Ta ló wá yọ ọ́?" àbúrò Tíṣà pariwo. "Ará Ẹdúnàbọ̀n ní bó ṣe wà lòun bá a. Ìwọ nìkan lo ti tú u ṣáájú. Olè ni ẹ́! O yọ èyí tó dára, o fi àlòkù sí i!"

Àwọn ènìyàn ti ń pé jọ. Ẹnìkan fa Ẹnjiníà láṣọ lọ́rùn, bọ́tìnnì rẹ̀ já bọ́. Ọkùnrin tí kò jẹ gbèsè ẹnikẹ́ni rí ní àdúgbò náà dúró, ó ń wo ilẹ̀. Adésọjí wà láàárín èrò. Ojú òun àti Mojíre ṣe mẹ́rin, ó sì yọ́ lọ.

Mojíre sáré wọlé, ó mú káàdì náà jáde. "Èmi ni!" ó kígbe. "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, èmi ni mo mú un!"

Ẹnjiníà gba káàdì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ki í bọ àyè rẹ̀, ó tan kọ̀ǹpútà. Wọ́n dúró títí. Òfìfo ni.

"Káàdì yìí ló kọ gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì yẹn," Ẹnjiníà wí jẹ́jẹ́. "Ohun tí ọ̀kan bá kọ, òmíràn kì í sábà lè kà á, bí wọ́n tilẹ̀ jọra. Ká ní o sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí Màmá kọ́kọ́ padà wá, ǹ bá kàn dá a padà sí àyè ẹ̀ ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, Mojíre."

Màmá kò bú u. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi í. "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ kí àkójọ mi pé ni, Mà."

"Kó pé," Màmá tún ọ̀rọ̀ náà sọ, bí ẹni tí kò gbọ́ èdè náà rí. Wọ́n wé ìró mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n sì lọ.

Ìyá Mojíre sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. "Ọ̀kánjúwà àti olè, déédé ni wọ́n jẹ́," ó ń wí. "Èmi ni mo bí i! Èmi ni mo bí i!"

Ẹnjiníà kò lé Mojíre, kò sì nà án. "Mo kọ́ ẹ láti dá nǹkan mọ̀," ó ní. "N ò kọ́ ẹ pé ohun tó wà nínú ilé onílé ní ẹni tó ni ín. Mo rò pé ìyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀bù." Lóòótọ́, gbogbo ènìyàn ti gbọ́ pé òun kọ́ ló jalè, síbẹ̀ wọn kò gbé kọ̀ǹpútà wá bá a mọ́. Wọ́n ní ibi tí ọmọdé ti ń yọ nǹkan oníǹkan ni. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ó ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Òṣogbo láti lọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹlòmíràn. Adésọjí ní tirẹ̀ sọ fún gbogbo kíláàsì pé òun kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà. Ìpàtẹ sáyẹ́ǹsì wá, ó kọjá, Mojíre kò yọjú síbẹ̀.

Ìlódè ló ń lọ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ó máa ń pọn omi fún Màmá, ó máa ń gbálẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, Màmá kì í dáhùn ìkíni rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n rí i pé kò ní ṣíwọ́, wọ́n ní, "Mú ìwé dání. Jẹ́ ká lọ wo àwọn tó kù."

Wọ́n lọ ilé kan, wọ́n ní ẹni tí wọ́n ń wá ti kú. Wọ́n lọ òmíràn, ìyá arúgbó ibẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Níkẹyìn, wọ́n dé ọ̀dọ̀ Bàbá Fákúnlé, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń yá oòrùn. Ó kù díẹ̀ kí Màmá rẹ́rìn-ín. "Bàbá yìí nìkan sọ ọ̀rọ̀ tó kún apẹ̀rẹ̀ fún ọkọ mi," wọ́n sọ fún Mojíre.

Mojíre kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ ń pe òjò tó ń rọ̀ lójú oòrùn?"

Bàbá Fákúnlé ronú pẹ́. Wọ́n mi orí.

"Ó ti lọ lórí mi," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n ẹ má ṣèyọnu. Gbogbo ẹ̀ pátá ni mo ti kó lé Tíṣà lọ́wọ́. Ẹ lọ bi í, kò ní sọ ọ́ nù."

Màmá yí ojú sí ògiri. Mojíre pa ìwé ọwọ́ rẹ̀ dé.

Ìwọ ọ̀dọ́ tó ń ka èyí, má ṣe rò pé ohun kékeré tí o mú láìgba àṣẹ á kéré lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. O kò mọ ohun tó so mọ́ ọn. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá sì ti yọ̀, tètè jẹ́wọ́, nítorí ìtìjú òní rọrùn ju ẹkún ọ̀la lọ. Àṣìṣe Mojíre ṣì ní àtúnṣe lọ́jọ́ tó mú káàdì náà. Ọjọ́ tó dákẹ́ ni kò ní àtúnṣe mọ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, gbogbo òtòkùlú ìlú pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.