Ẹni Tó Tú Kóòtù Dúdú

Kóòtù dúdú náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹran tí alápatà kun. Apá lọ́tọ̀, ẹ̀yìn lọ́tọ̀, kọ́là lọ́tọ̀. Ọmọbìnrin tó ni ín jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò lè sunkún. Lọ́la ni iléeṣẹ́ agbowó-orí ní olú-ìlú fẹ́ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, àyè ẹnì kan ṣoṣo ló sì ṣí sílẹ̀. Kò ní kóòtù mìíràn àfi ọ̀kan pupa tó ti gbó, tí wọ́n lẹ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

Ó lọ kan ilẹ̀kùn ilé kejì. Ìyá Ọlọ́pàá ló ń dá gbé ibẹ̀. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni kó tó fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ bí kò ṣe ẹni tó fẹ́ yá àkàbà.

Ìyá Ọlọ́pàá wo ilẹ̀ yàrá. Kò rí fọ́nrán òwú kan. Ó wo aṣọ. Abẹ kò kan án níbì kankan.

"Ẹni tó fẹ́ ba aṣọ jẹ́ á gé e ni. Ẹni yìí tú u. Ta ló wọlé lánàá?"

Ọ̀rẹ́ òun ni, ọmọ náà dáhùn, àti àbúrò bàbá òun. Ìyá àgbà wà nílé lóòótọ́, òun ló tọ́ ọ dàgbà, aránṣọ ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti fọ́.

Òun àti ọ̀rẹ́ yìí ni wọ́n jọ kẹ́kọ̀ọ́ owó-orí ní yunifásítì. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n pe àwọn méjèèjì sí. Ọ̀rẹ́ náà sọ fún Ìyá Ọlọ́pàá pé òun kò tilẹ̀ lọ mọ́. Iléeṣẹ́ ọlọ́ṣẹ kan ti gba òun láti máa ṣírò owó-orí wọn.

"Ẹni tó mọ owó-orí kì í wáṣẹ́ tì, mà. Ìjọba ń wá a. Àwọn tó ń sá fún ìjọba náà ń wá a."

Ìyá Ọlọ́pàá bá àbúrò bàbá níbi tó ti ń to bàtà sí ìsọ̀ rẹ̀. Kò fi bò pé òun kò fẹ́ agbowó-orí nínú ẹbí. Ojú wo ni òun yóò fi wo àwọn ọlọ́jà ẹlẹgbẹ́ òun?

"Ṣùgbọ́n èmi ni mo ra aṣọ yẹn, mà. Ṣé n ó wá máa tú owó ara mi?"

Ìyá Ọlọ́pàá padà sí yàrá. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó yẹ kóòtù pupa wò. Lábẹ́ abíyá rẹ̀, ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú ojú rírán, ó sì fi í sílẹ̀.

"Bí ikú ilé kò bá pani," ó sọ ọ́ sínú, kò parí rẹ̀. Ó lọ jókòó ti ìyá àgbà lójú fèrèsé.

"Ìyá, èyí tó pupa lẹ kọ́kọ́ mú. Ẹni tó ríran ò lè ṣi pupa mú fún dúdú."

Ìyá àgbà yọ òwú dúdú láti inú àpò rẹ̀, ó ti ká a mọ́ páálí dáadáa.

"Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ni mo fi mọ̀ pé mo ṣì í mú. Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́. Èyí tó dára, ọwọ́ mi kọ̀ láti gé e."

"Kí ló dé, Ìyá?"

"Sí mi létí ló ń kàwé rẹ̀. Mo mọ owó-orí ju àwọn tó ń san án lọ. Lọ́jọ́ tó ka ibi tí wọ́n ti ń ríṣẹ́, mo ń retí ìlú wa. Kò sí níbẹ̀. Tó bá lọ, ta ló kù? Rédíò ń sọ̀rọ̀, kì í gbọ́ tẹni."

Ọmọ náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó mú abẹ́rẹ́, ó fi òwú sí i, ó fi lé ìyá àgbà lọ́wọ́. Ìyá àgbà rán kóòtù náà padà. Bí òwú bá tán, ọmọ náà á fi òmíràn sí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é títí ó fi parí.

Ọmọ náà wọ kóòtù lọ ní ìdájí. Ó bá a mu bí awọ ara.

Nígbà tí oòrùn là, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn ìyá àgbà.

"Kí lo fẹ́ yá?"

"Àkàbà, mà."

"A ò ní àkàbà."

"Mo mọ̀," ni Ìyá Ọlọ́pàá wí. Ó fa àga, ó ṣí ìwé owó-orí tó wà lórí tábìlì, ó bèèrè ibi tí wọ́n kà dé.