Ewúrẹ́ Ìyá Alágbàfọ̀

"Màmá, aago mẹ́ta ti lù o!"

Lọ́yà dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn ẹran. Ó ti lọ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà. Ìyá rẹ̀, dókítà ẹran, jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé, kóòtù funfun lọ́rùn, ìbọ̀wọ́ rọ́bà lórí itan, ojú rẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà. Àbúrò Lọ́yà obìnrin jókòó tì í, ó ń ká aṣọ ìnura.

"Mo gbọ́, ọmọ mi," ni ìyá rẹ̀ wí. "Jẹ́ ká tún ní sùúrù díẹ̀."

Lọ́yà kọ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ẹnu rẹ̀ tí kì í sinmi ló fà á. Ọmọ náà lè bá òkúta jiyàn títí òkúta á fi gbà pé òun jẹ̀bi. Ọ̀sán Sátidé yìí gan-an sì ni ilé-ìwé wọn fẹ́ bá ilé-ìwé mìíràn jiyàn ní aago mẹ́rin, lórí bóyá ìgbé ayé ìlú ńlá dára ju ti abúlé lọ. Lọ́yà ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn tí yóò sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ ti ṣèlérí pé àga iwájú lòun máa jókòó sí.

Ọ̀sán gangan ni ilé ìwòsàn máa ń tì lọ́jọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n àìsàn ẹran kò mọ Sátidé. Wọn ò tíì fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn tán tí fóònù fi dún. Obìnrin alágbàfọ̀ kan ni. Ewúrẹ́ rẹ̀ ti ń rọbí láti àárọ̀, ẹsẹ̀ ọmọ kan ti yọ síta, ìyókù kò jáde.

"Ẹ gbé e wá kíákíá," ni Dókítà wí.

"Mo ti wà lọ́nà, mà."

Mo ti wà lọ́nà! Kò sí ọ̀rọ̀ tí Lọ́yà kórìíra tó o láyé yìí. Ẹni tó ṣì ń na ara lórí ibùsùn, ọ̀nà ló wà. Ẹni tó ń wá ẹsẹ̀ bàtà kan lábẹ́ àga, ọ̀nà náà ló wà. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fún Lọ́yà lẹ́bùn ní táàmù tó kọjá, ọkùnrin kan pè pé ajá òun ń kú lọ. Dókítà dúró, ó dúró títí. Nígbà tí ọ̀gbẹ́ni náà máa fi dé, orí rẹ̀ ń dán yinrinyinrin: ó ti kọ́kọ́ yà lọ gẹrun! Dókítà kàn gba ajá náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣe rẹ̀ nìyẹn, kì í bá ẹni tó pẹ́ wí títí ẹran á fi kúrò lórí tábìlì. "Ẹran kọ́ ló pẹ́," ló máa ń wí. Ìgbà tí ọkùnrin náà gbé ajá rẹ̀ tí ara rẹ̀ ti yá tó ń jáde lọ ni Dókítà tó sọ pé, "Ọ̀gá, nígbà mìíràn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tọ́jú ajá. Orí ò ní sá lọ."

Àbúrò Lọ́yà rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí bẹ́ǹṣì. Lọ́yà kò sí níbẹ̀. Ilé-ìwé ló wà, ó ń gba ẹ̀bùn, ó ń wo àga kan tó ṣófo. Ilé ni wọ́n ti wá sọ ìtàn náà fún un, wọ́n sì ń retí kó rẹ́rìn-ín.

Ká má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: owú ń jẹ Lọ́yà. Ó ń jowú ajá, ó ń jowú ológbò, ó tiẹ̀ ń jowú adìẹ tó bá ń sín. Àmọ́ ẹni tí Lọ́yà ń jowú jù lọ ni àbúrò rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá péré, àwọn èèyàn ti ń pè é ní Dókítà Kékeré. Ó mọ bí a ṣe ń di ológbò mú tí kò fi ní ya èèyàn lára. Gbogbo wákàtí tí ìyá wọn bá fi ń dúró de ẹni tó pẹ́, orí bẹ́ǹṣì yẹn ló máa ń wà pẹ̀lú rẹ̀. Tí wọ́n bá padà wọlé, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín ohun tí Lọ́yà kò mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. "Ọwọ́ ọmọ yìí tutù," ni ìyá wọn máa ń sọ fún àlejò. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé ẹnu tutù. Àwọn àgbà ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an kò kọjá ọ̀fun Lọ́yà.

Ìyá rẹ̀ dìde. "Jẹ́ kí n pààrọ̀ omi gbígbóná yẹn, ó ti tutù." Àbúrò gbé abọ́, ó tẹ̀ lé e lọ sẹ́yìn ilé. Wọ́n fi fóònù sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Bí wọ́n ṣe lọ báyìí ló dún.

Lọ́yà gbé e.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi." Obìnrin náà ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Kò sí ọlọ́kọ̀ tó gbà kí n gbé e wọlé, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ á ba àga àwọn jẹ́. Mo ti dé orí afárá báyìí. Ẹ má lọ o, mo bẹ̀ yín."

Orí afárá! Lọ́yà ṣírò ó lọ́kàn. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn láti orí afárá kò lè dé kí aago mẹ́rin tó lù, àfi tó bá níyẹ̀ẹ́. Àga tó ṣófo yẹn tún yọ sí i lójú.

"Ọmọ Dókítà ni mí, mà," ló wí, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. "Ẹ máa bọ̀. Wọ́n ń dúró dè yín."

Ó fi fóònù sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, ó ń nu ọwọ́. "Ta ló pè?"

"Ìyá alágbàfọ̀ yẹn ni. Ewúrẹ́ wọn ti bí, Màmá! Wọ́n ní kẹ́ ẹ má wulẹ̀ dúró mọ́."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èyí balẹ̀, ó fọ́, Lọ́yà kò sì gbọ́ ìró rẹ̀, nítorí ojú ìyá rẹ̀ tó tàn ló ń wò.

"Ọlọ́run ṣeun o! Ọmọ mélòó?"

"Méjì," ni Lọ́yà dáhùn. Irọ́ kì í dá rìn.

Dókítà bọ́ kóòtù, ó wọ aṣọ aláwọ̀ búlúù tí Lọ́yà fẹ́ràn. Àbúrò ní òun á dúró fọ abọ́, òun á sì máa wo ajá kan tó ń gba ìtọ́jú nínú ilé. Dókítà fi fóònù sílẹ̀ fún un. "Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, rán Bàbá Onítáyà sí mi," ló wí. Bàbá Onítáyà ni ọkùnrin tó ń lẹ táyà lódìkejì títì. Ni Lọ́yà bá di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, wọ́n lọ. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń fò bí ọmọdé.

Gbọ̀ngàn ilé-ìwé kún. Ìyá rẹ̀ jókòó níwájú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Lọ́yà sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ń dùn, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Ó tún ohùn ṣe.

"Ẹ̀yin adájọ́ wa," ló wí, "ní ìlú ńlá, ẹni tó bá wà nínú ìṣòro kì í dúró pẹ́ kó tó rí olùrànlọ́wọ́..."

Ìgbà yẹn ni Bàbá Onítáyà wọlé, epo ẹ́ńjìnnì ní gbogbo àyà ẹ̀wù rẹ̀. Ó ń wo ojú àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé àga iwájú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sí Dókítà létí. Dókítà dìde. Ó yíjú sí Lọ́yà lórí pèpéle, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Kò dà bí ìwò ìbínú. Ó wò ó bí ẹni tó ń wá ohun tó sọnù. Lẹ́yìn náà ló sáré jáde.

Lọ́yà tó lè bá òkúta jiyàn kò rí ọ̀rọ̀ sọ mọ́. Olùkọ́ wọn ń sọ ọ̀rọ̀ tó kàn sí i létí láti ẹ̀yìn, kò gbọ́. Ilé-ìwé kejì ló borí.

Nígbà tó dé ilé ìwòsàn, bárò kan wà lẹ́nu ọ̀nà, irú èyí tí wọ́n fi ń kó iyẹ̀pẹ̀. Aṣọ àgbàfọ̀ funfun ni wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti rin ín. Ṣé bárò ni obìnrin yìí fi ti ewúrẹ́ wá? Láti orí afárá? Lọ́yà dì mọ́ òpó.

Àbúrò rẹ̀ jókòó sílẹ̀ nínú yàrá ìtọ́jú, ó di ọmọ ewúrẹ́ kan mọ́ra nínú aṣọ ìnura. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Mo gbìyànjú, àǹtí mi," ló wí. "Mo fọwọ́ wá ẹsẹ̀ kejì tó ká sínú, mo fa èyí jáde. Èkejì ti kú sínú. Ẹ̀jẹ̀ wá ń dà, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a dúró. Kí Màmá tó dé, ìyá ẹ̀ ti kú."

Ìyá wọn dúró lẹ́yìn àbúrò náà, ọwọ́ rẹ̀ wà ní èjìká rẹ̀. Ẹ wá wo ọkàn ọmọ ènìyàn: ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, owú tún ta Lọ́yà láyà nítorí ọwọ́ tó wà ní èjìká. Ìtìjú sì bá owú náà níbẹ̀.

"Ta ló gba ìpè yẹn?" ni Dókítà bi í.

Irọ́ mìíràn ti wà létè rẹ̀. Ó lè ní ìpè náà kò dán mọ́rán, ó lè ní òun ṣì í gbọ́. Lọ́yà wo ọmọ ewúrẹ́ tó ń gbọ̀n.

"Èmi ni. Wọn ò sọ pé ó ti bí. Irọ́ ni mo pa."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí kẹ́ ẹ lè tẹ̀ lé mi."

Ìyá rẹ̀ di ojú. Nígbà tó là á, ó ní, "Èmi kọ́ lo máa sọ ọ́ fún. Wọ́n wà lẹ́yìn ilé."

Ìyá alágbàfọ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ewúrẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti fi aṣọ bò. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti bó níbi tó ti di bárò mú. Lọ́yà kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Obìnrin náà gbé ojú sókè wò ó.

"Ìwọ lo ní kí n máa bọ̀?"

"Èmi ni, mà."

"Ohùn ẹ fi mí lọ́kàn balẹ̀ lọ́jọ́ òní," ni ìyá náà wí. "Nígbà tí mo dé ibi òkè yẹn, ó rẹ̀ mí, mo fẹ́ jókòó. Mo wá sọ fún ẹran mi pé, fara dà á, wọ́n ń dúró dè wá. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún un nìyẹn títí a fi dé, a bá ọmọdé kan lẹ́nu ọ̀nà."

Kò ṣépè. Kò pariwo. Lọ́yà ì bá fẹ́ràn kó gbá òun létí.

Lálẹ́, ìyá rẹ̀ wá bá a nínú yàrá. "Mò ń dúró de gbogbo ayé, mi ò dúró tì ọ́," ló wí. "Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, màá sì tún un ṣe. Àmọ́ ẹ̀mí ewúrẹ́ yẹn, ọrùn tìẹ ló wà. Mi ò lè bá ọ gbé e."

Dókítà bá obìnrin náà wá ewúrẹ́ mìíràn. Ọmọ tó kù kò sì ní ọmú tí yóò mu, wàrà inú ìgò ni. Lọ́yà fúnra rẹ̀ ló ní òun á máa lọ fún un ní wàrà nílé ìyá alágbàfọ̀ lójoojúmọ́ lẹ́yìn ilé-ìwé, nítorí àkókò tí ìyá náà máa ń kó aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà nìyẹn. Àbúrò rẹ̀ ló kọ́ ọ. "Má gbé orí ẹ̀ sókè jù, àǹtí mi, wàrà á gba ibòmíràn lọ." Ó dùn ún díẹ̀ pé ọmọ yìí ló tún ń kọ́ òun. Owú kì í lọ lọ́jọ́ kan bí ẹ̀fọ́rí. Ṣùgbọ́n ó gbọ́, ó sì ṣe bó ṣe wí.

Lọ́jọ́ kan, ìdánwò pẹ́ kó tó parí, òjò ńlá sì tún dé wọn mọ́ ilé-ìwé. Nígbà tó dá, ilẹ̀ ti ń ṣú. Lọ́yà sá eré, ó kọjá afárá, bàtà rẹ̀ kún fún omi. Ó ń rò ó lọ́kàn pé ebi á ti pa ẹran náà dójú ikú, pé ìyá náà á ti tilẹ̀kùn mọ́ òun, pé bó bá sì tì í, ó tọ́ sí òun.

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìyá alágbàfọ̀ jókòó sẹ́nu rẹ̀, aṣọ àwọn oníbàárà ṣì wà ní dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tíì gbé e lọ síbì kankan. Ọmọ ewúrẹ́ wà lórí itan rẹ̀. Ìgò wàrà wà nínú abọ́ omi gbígbóná kó má baà tutù.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, mo pẹ́. Òjò..."

"Mo mọ̀ pé òjò ni," ni ìyá náà wí. "Mo ti ń sọ fún un pé o ń bọ̀."

Lọ́yà jókòó tì í lórí ilẹ̀, ó bú sẹ́kún. Gbogbo ohun tó ti fi ń jowú ló wá yé e. Ìfẹ́ tí ìyá rẹ̀ ń fún àbúrò rẹ̀ àti àwọn ẹran yẹn, kò sẹ́ni tó bù ú lára tirẹ̀. Àyè ṣófo lórí bẹ́ǹṣì yẹn lójoojúmọ́, owú ni kò jẹ́ kó lọ jókòó. Ẹni tó bá fi irọ́ gba ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́, wákàtí kan ló máa gbádùn rẹ̀, ẹlòmíràn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló sì máa san án.

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó gba ọmọ ewúrẹ́ náà, ó gbé orí rẹ̀ sókè níwọ̀nba, ó sì fi ìgò sí i lẹ́nu.